Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Èkìtì: ẹ jẹ́ kí owó wa di ohun ìní

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin akápò àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri Èkìtì Kete,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Adó-Èkìtì ni èmi náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni mo kọ́ àwọn ọmọ girama. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Mo gbà pé nínú gbogbo ohun tí a ní láti fi bá ìṣẹ́ jà ní ìpínlẹ̀ yìí, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń dá jọ lóṣooṣù ló sún mọ́ wa jù. Mo sì gbà pé a kì í lò ó fún iṣẹ́ tó lè ṣe jù lọ, nítorí pé a kò tíì jókòó wo bí ètò ọrọ̀ ajé tí a ń gbé inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kápítálísíìmù, ìyẹn ètò tí aládàáni ti ń ni ohun èlò iṣẹ́ tí èrè sì jẹ́ tirẹ̀, ṣe ń sọ àwọn kan di ọlọ́rọ̀ tó sì ń fi àwọn mìíràn sílẹ̀ nínú àìní, bó ti wù kí wọ́n ṣiṣẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èrò kan tó ti mọ́ wa lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kò ní í tòṣì, a sì ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù àti ní ìpàdé ẹbí pé ọ̀lẹ ló ń di tálákà. N kò kórìíra ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé àwùjọ tí kò bá ṣiṣẹ́ kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbẹ̀ tó ń jí lọ sóko ní Èmùré tàbí ní Òmùò kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ wo àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù ní Ọjà Ọba ní Adó láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ọ̀lẹ ni wọ́n. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ló ń sọni di ọlọ́rọ̀, àwọn ni ì bá lówó jù ní Èkìtì. Iṣẹ́ ló ń mú ọrọ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni ọrọ̀ náà sábà máa ń bá lọ sílé.

Iṣẹ́ gàrí ni mo máa fi ń ṣàlàyé èyí. Obìnrin kan ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó bó o, ó gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó sanwó kí wọ́n bá a lọ̀ ọ́, ó tún sanwó fún jáàkì tí wọ́n fi fún omi rẹ̀ dànù, ó ra igi ìdáná, ó sì jókòó ti iná títí gàrí fi yan. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ nígbà tó bá tà á tán ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ lè má sí níbẹ̀ rárá. Ó ti gba ọmọkùnrin kan tó ń bá a dúró ti ẹ̀rọ náà, bó bá sì ti yọ owó epo, owó àtúnṣe àti owó oṣù ọmọ náà kúrò nínú ohun tí gbogbo àwọn obìnrin san, ìyókù jẹ́ tirẹ̀, òun ni èrè. N kò pè é lólè. Owó tirẹ̀ ló fi ra ẹ̀rọ, òun ló sì ni àdánù bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Bí kò bá rà á, gbogbo wọn ì bá ṣì máa fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́. Àǹfààní ńlá tó wà nínú kápítálísíìmù nìyẹn: ó ń ti ẹni tó lówó lọ́wọ́ láti wá ohun èlò tí yóò sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Owó tó ń wọlé fún obìnrin náà kò lè ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ṣe lóòjọ́ lọ, oúnjẹ àti owó ilé ìwé sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Èrè ẹni tó ni ẹ̀rọ pọ̀ ju ohun tó ń jẹ lọ, nítorí náà àṣẹ́kù wà tó lè fi ra ẹ̀rọ kejì, àṣẹ́kù èkejì yóò sì bá a ra ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, obìnrin náà yóò ṣì wà ní ìdí iná, nítorí pé yàtọ̀ sí agbára rẹ̀, kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ náà tó jẹ́ tirẹ̀. Owó tí a fi ra aṣọ ẹbí, owó ni. Owó tí a fi ra ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, owó náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ń padà wálé tó sì ń bí mọ́ ọn nìkan ni owó ìdókòwò. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú lẹ́tà yìí dá lórí ìyàtọ̀ yìí.

Ìdí kan náà ló mú kí n máa rọra gbọ́ ọ bí ìjọba bá kéde pé tálákà ti dín kù tàbí pé wọ́n ti pọ̀ sí i. Nínú ìwádìí tí àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 2018 sí 2019, N137,430 lọ́dún fún ẹnì kan ni wọ́n fi ṣe ààlà òṣì, ìyẹn nǹkan bí N376 lóòjọ́, wọ́n sì bá ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà lábẹ́ ààlà náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 83 ènìyàn. Iṣẹ́ pàtàkì ni, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe ètò láìsí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń ná ni ààlà yẹn ń wọ̀n, kì í wọn ohun tó ní. Àgbẹ̀ lè kọjá ààlà ní ìgbà tí kòkó bá jáde, kí ó sì tún já wálẹ̀ bí àìsàn kan bá wọlé nígbà òjò. Ohun ìní ló ń di ènìyàn mú kí ó má tún já wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkó ni mo fẹ́ pẹ́ lórí díẹ̀, nítorí pé òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Èkìtì. Àgbẹ̀ kọ́ ló ń dá iye tí a ó ra kòkó, alágbàtà tó ń gbé òṣùwọ̀n rìn lọ sí abúlé kọ́ sì ni. Ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti ti New York ni wọ́n ti ń dá a, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà tó sì ń tà kò ti ní fojú kan èso kan ṣoṣo. Ní 2022, tọ́ọ̀nù kan wà ní nǹkan bí 2,500 dọ́là. Ní 2024, ó kọjá 10,000 dọ́là. Òógùn àgbẹ̀ Ìkọ̀lé kò di ìlọ́po mẹ́rin láàárín ọdún méjì yẹn. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn ló ba oko jẹ́ ní Côte d'Ivoire àti ní Gánà, àwọn orílẹ̀-èdè méjì tí ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ ti ń jáde; èyí tó wà nílẹ̀ kò wá tó fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣokoléètì, wọ́n sì ń fi owó lé ara wọn. Náírà náà ti ṣubú láti oṣù kẹfà 2023, nítorí náà iye tó dé ọwọ́ wa ní náírà nígbà náà tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí 2025 tó parí, owó kòkó ti já wálẹ̀ jìnnà sí ibi tó gùn dé, àgbẹ̀ kò sì ṣe ohunkóhun tó fa ìyẹn náà.

Nítorí náà, iye ọjà kì í wọn òógùn. Ohun tó ń wọ̀n ni bí ọjà ṣe pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn tó lówó lọ́wọ́ ṣe fẹ́ ẹ tó. Ó wúlò, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí àgbẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún oko ṣe nígbà tí kòkó bá wọ́n. Àmọ́ ta ló jẹ èrè 2024 gan-an? Ẹni tó ní kòkó nílẹ̀ ní ọjọ́ tí owó gòkè ni. Àgbẹ̀ tí owó ilé ìwé ká mọ́ ní ìparí òjò, tó sì gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà lórí kòkó tí kò tíì pọ́n, iye ti àná ló fi tà á. Ẹni tó fi oko dógò nítorí ìsìnkú baba rẹ̀ ń wo ẹlòmíràn tó ń ká a. Òjò kan náà ló rọ̀ sórí oko gbogbo wọn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ṣe. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan lè dúró, ẹnì kejì kò lè dúró. Àyè láti dúró yìí wà lára ohun tí owó ìdókòwò ń ra fún ènìyàn, tálákà kì í sì í rí i rà.

Àṣẹ́kù kòkó ti tóbi rí nílẹ̀ yìí. Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí tí ìjọba ológun fi fòpin sí wọn ní 1986. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí ìgbìmọ̀ náà ń san fún àgbẹ̀ kò tó iye tó ń tà á ní òkè òkun, ìyàtọ̀ náà sì di owó ìjọba. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ó sì wà lára ohun tó kọ́ ilé gogoro Cocoa House ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n parí ní 1965. Mo ka ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn sí ohun tó dára jù lọ tí ìjọba kan fi owó wa ṣe rí. Síbẹ̀, àgbẹ̀ Èkìtì tí òógùn rẹ̀ wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò jókòó níbi tí wọ́n ti pinnu wọn, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi hàn pé ó ní ìpín níbẹ̀. Bí a bá ń wá ibi tí ọrọ̀ wà nínú àwùjọ, ibi tí àṣẹ́kù ń lọ ni ká tọpa rẹ̀ dé, ká sì béèrè ta ló ń pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Àwọn òbí wa fi àṣẹ́kù díẹ̀ tó kù sí wọn lọ́wọ́ rán wa nílé ìwé, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìnákúnàá ni. Ìmọ̀ jẹ́ ohun ìní. Ṣùgbọ́n ohun ìní tó ní ẹsẹ̀ ni. Ó gbéra lọ sí Èkó, sí Àbújá, sí ìlú òyìnbó, níbi tí àwọn tó lẹ́rọ àti ọ́fíìsì ti ń dúró dè é. Ohun tó ń padà wá ni owó oúnjẹ fún ìyá, ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀, àti ìnáwó ìsìnkú tí gbogbo àdúgbò ń ròyìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ó kàn ń dùn mí pé díẹ̀ ni èyí tó ń di ohun tí ọmọ tó kù sílé lè fi ṣiṣẹ́.

Mo wá dé orí èlé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Àwọn baba ńlá wa mọ ìwọ̀fà dáadáa. Ẹni tó bá yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ìwọ̀fà yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn kò sì ní dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Títí wọn yóò fi kó ojú owó sílẹ̀ pé, iṣẹ́ náà ń lọ. Òfin ti pa ètò ìwọ̀fà rẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò kú. Ká ní ẹnì kan yá N100,000, tó sì ń san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù gẹ́gẹ́ bí èlé: yóò ti san N60,000 nígbà tí ọdún bá yí po, N100,000 sì ń dúró dè é síbẹ̀. Obìnrin tó yá owó gbọ́mú-lé-láńtà ní Ọjà Ọba, tí wọ́n ń wá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, mọ ìṣirò yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jókòó ní kíláàsì mi rí. Bí òwò rẹ̀ bá ń mú èrè tó ju èlé lọ wá, gbèsè náà yóò gbé e dìde. Bí èrè rẹ̀ kò bá tó èlé, ojú owó ni yóò máa jẹ, iṣẹ́ tirẹ̀ yóò sì máa sọ ẹlòmíràn di ọlọ́rọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ayẹyẹ ló fi owó náà ṣe, èrè kankan kò sí níbẹ̀ tí yóò san èlé. Ọjọ́ iwájú rẹ̀ ló ti ná.

Èlé tí ẹgbẹ́ wa ń gbà kéré. Ní oṣù kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún àwọn báńkì yòókù dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré sì ga ju ìyẹn lọ. Kò sí ibòmíràn tí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́ tàbí alátà ti lè rí owó ìdókòwò tó rọjú bíi ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tí mo mọ̀, mo ti ń gbọ́ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń yá owó, ìsìnkú, ìgbéyàwó, ọkọ̀ àti aṣọ ẹbí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Owó ilé ìwé àti owó ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí n kò ní í bu ẹnu àtẹ́ lù. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tó rọjú jù ní Èkìtì, orí ohun tí kì í mú nǹkankan wá ni a ń ná púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, nígbà tí àwọn tó fẹ́ ṣòwò ń lọ yá èyí tó wọ́n jù.

Owó tí a kò yá ẹnikẹ́ni, tí a fi sílẹ̀ ní báńkì, kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ní oṣù kejìlá 2024, NBS sọ pé iye nǹkan ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún kan. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, N100,000 tí ọmọ ẹgbẹ́ kó pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ohun tí N74,000 ń rà nígbà yẹn ló lè rà ní ìparí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá pín èrè ìdá mẹ́wàá fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́, àdánù ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó oṣù: òfin sọ owó oṣù tó kéré jù di N70,000 ní 2024 láti N30,000 ti 2019, ó sì ju ìlọ́po méjì lọ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á iye kóńgò gàrí tó ń rà báyìí.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí pọ̀ ní Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀ kì í sábà ní ìwé tí báńkì yóò gbà. Òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 sì fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ tìkára rẹ̀ kò sì lè fi ilẹ̀ náà yáwó láti ra ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ọ̀dọ̀ ìjọba sì ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa ni mo fẹ́ ká mú.

Ní 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 28 tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ dá owó pọ́n-ùn kan-kan, wọ́n sì ṣí ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà fún ara wọn. Wọ́n pinnu pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ní ìbò kan ṣoṣo, iye owó yòówù kó ní nínú ẹgbẹ́, àti pé èrè yóò máa padà sọ́dọ̀ àwọn tó rajà. Láti ara ìlànà wọn ni púpọ̀ nínú òfin ẹgbẹ́ tiwa ti wá, èyí tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1935. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ìsọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ní. Owó tí wọ́n dá jọ di ohun kan tí gbogbo wọn jọ ni, tó ń mú èrè wá lójoojúmọ́. Tiwa dúró sí ibi àjọ àti ẹ̀yáwó.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ óò sọ pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í rí olùtọ́jú, pé àwọn olórí kan ti jẹ owó ẹgbẹ́ rí, pé ẹ̀rọ tí ìjọba fún àwọn àgbẹ̀ ti dípẹtà sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí wọ́n fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ẹni tó ń dun. Bí ẹgbẹ́ bá fi àṣẹ́kù tirẹ̀ ra ẹ̀rọ, tó gba ẹni tó mọṣẹ́ tó sì ń san owó oṣù fún un bó ṣe yẹ, tó ń yọ owó sílẹ̀ lóṣooṣù láti fi ra òmíràn nígbà tí èyí bá gbó, tí ayẹ̀wéwò láti ìta sì ń yẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́dọọdún, ohun tí aládàáni ń ṣe náà ni ẹgbẹ́ ń ṣe, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé èrè yóò wọ àpò obìnrin tó ń yan gàrí.

Ìbéèrè mi kò le. N kò ní kí ẹ fọwọ́ kan owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́; ti wọn ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i gbà nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Inú èrè ọdọọdún ni mo ní kí ẹ ti yọ ìdá kan sọ́tọ̀, kí ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà nítòsí ara wọn sì pa tiwọn pọ̀ láti ra ohun kan: ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ní àdúgbò tí gàrí ti ń jáde, ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì fún àwọn tó ń gbìn ín ní Ìgbẹmọ, tàbí ilé ìkó-kòkó-sí tí àgbẹ̀ lè gbé àpò rẹ̀ wá sí, kí ó gba díẹ̀ nínú owó rẹ̀ fún owó ilé ìwé, kí ó sì dúró de ọjà. Ẹ jẹ́ kí èlé tí ẹ ń gbà lórí ẹ̀yáwó òwò kéré sí èyí tí ẹ ń gbà lórí ẹ̀yáwó ayẹyẹ, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè rí ìyàtọ̀ náà nínú àpò ara rẹ̀. Kí ìròyìn ìṣúná owó tí ẹ ń kà ní ìpàdé ọlọ́dọọdún sì jẹ́ èdè Yorùbá, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ni owó náà kò gbọ́ èyí tí ẹ ń kà fún wọn.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó wáyé, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe ní ìpàdé tó ń bọ̀ láìná kọ́bọ̀. Ẹ ní kí akọ̀wé ṣí ìwé ẹ̀yáwó ti ọdún tó kọjá, kí ó pín in sí méjì, èyí tí a fi ra ohun tó ń mú owó wá àti èyí tí a ná tán, kí ó sì ka iye méjèèjì sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ọ̀rọ̀ lórí ìpín èrè tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Adó-Èkìtì.